Kí ló ń lé àwọn ọmọbìnrin wa kúrò ní kóòtù fọ́líbọ́ọ̀lù?

Olùkọ́ eré ìdárayá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọbìnrin tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù tayọ̀tayọ̀ ní JSS2, tó bá fi máa di SS1, á bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Orí ń fọ́ òun, òun gbàgbé jésì sílé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara tó ń yí padà ló fà á. Ọyàn ti yọ, ìdí ti fẹ̀, àwọn tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù sì ti sọ ọ́ lórúkọ: orobo, ìdí ńlá. Wọn ò dá ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà sí, lẹ́pa ni wọ́n ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú mú ohun tó mọ̀ wá, èyí tá a lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọjọ́ Ajé. Ká kàn ní kí wọ́n máa fẹ́ràn ara wọn kò tó. Ọmọ ọdún 15 ò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.

Télọ̀ aláṣọ eré
Ẹ jẹ́ ká ti ibi aṣọ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló yá tún ṣe jù. Òfin fọ́líbọ́ọ̀lù inú gbọ̀ngàn ní kí agbábọ́ọ̀lù wọ jésì, ṣọ́ọ̀tì, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà, kí àwọ̀ àti bátànì jésì, ṣọ́ọ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ bá ti ẹgbẹ́ mu, àfi líbérò nìkan, ìyẹn ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn. Pé kí ṣọ́ọ̀tì lẹ̀ mọ́ itan bí awọ, àṣà ni. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá wọ èyí tó dé ẹ̀bá orúnkún, wọn ò rú òfin kankan. Ẹ ṣáà ka ìwé ìlànà ìdíje tí ẹ ń lọ, torí àwọn ìdíje kan ń fi tiwọn kún un. Ti fọ́líbọ́ọ̀lù etíkun tó le jù pàápàá ti rọ̀: ní 2012, ṣáájú Òlíńpíìkì Lọ́ńdọ̀nù, FIVB, àjọ fọ́líbọ́ọ̀lù àgbáyé, gbà kí àwọn obìnrin wọ ṣọ́ọ̀tì àti aṣọ alápá dípò bíkínì. Ní Rio ní 2016, Doaa Elghobashy ará Íjíbítì gbá tirẹ̀ pẹ̀lú híjáàbù lórí. Kí ni ilé ẹ̀kọ́ girama wá fẹ́ sọ?

Ní ti rírán, ẹ wọn ìdí níbi tó ti fẹ̀ jù. Ẹ má fi ti ìbàdí ṣe é. Aṣọ tó ń fà, ìdá kan nínú mẹ́wàá là ń yọ kúrò: ìdí 40 ínṣì, a gé e sí 36. Àwọn tó ń gé e sí 32 ló ń jẹ́ kí aṣọ máa hàn gbangba sínú. Kí ẹ tó rà á, ẹ na aṣọ náà sórí ìkúùkù yín níwájú iná. Tí ẹ bá rí awọ ara, ẹ fi sílẹ̀. Ínṣì 7 ló dáa fún gígùn abẹ́ itan. Ínṣì 3 á sún gòkè nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ láti gba sáfù, ọwọ́ rẹ̀ á wá wà nídìí tó ń fa aṣọ, bọ́ọ̀lù á sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ kékeré onígun mẹ́rin sí ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé. Wífíìnì tàbí síígísáàgì ni kí wọ́n fi rán an. Ojú rírán tààrà kì í fà. Ọjọ́ tí ọmọ bá sọ ara sílẹ̀ gba bọ́ọ̀lù ló máa já. Ọmọ tí aṣọ bá ya mọ́ nídìí lójú èrò, ó ṣòro kó padà wá.

Kọ́mú ńkọ́? Ti ojoojúmọ́ kò lè gba ìfò. Ìgbànú abẹ́ kọ́mú ló ń ṣiṣẹ́ jù, okùn èjìká kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ìka méjì ni kó wọ abẹ́ ìgbànú náà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọmọ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ bùlọ́ọ̀kì: tí ìgbànú bá gun òkè, ó tóbi, tí ọyàn bá ń yọ lókè, kọ́mú kéré. Wíwọ méjì lé ara wọn ṣeé fara mọ́ tí owó ò bá tíì sí, bí kò bá ṣáà ti fún èémí.

Olùkọ́ eré ìdárayá
Ẹ ṣé gan-an ni. Ọjọ́ nǹkan oṣù ńkọ́? Funfun ni ṣọ́ọ̀tì wa.

Télọ̀ aláṣọ eré
Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí dúdú tàbí búlúù tó ki. Kí ṣọ́ọ̀tì méjì tó ṣẹ́ kù máa wà nínú báàgì ẹgbẹ́ pẹ̀lú páàdì nǹkan oṣù tó ní ìyẹ́, kí ọmọ lè mú u láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì
Ọmọ tí wọ́n bá pè ní orobo, oúnjẹ àárọ̀ ló máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọn kílò 60, ká ní ìdá kan nínú márùn-ún ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá. Kílò 48 ló kù, iṣan, egungun àti ẹ̀jẹ̀. Ara ń fẹ́ nǹkan bíi kálórì 45 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan nínú 48 yẹn, yàtọ̀ sí ohun tí eré máa jẹ. Ìyẹn 2,160. Ìdánrawò wákàtí méjì lè jẹ tó 500. Àpapọ̀ rẹ̀, 2,660. Tó bá wá ń jẹ 1,500 torí kó lè tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ yọ 500 kúrò, ẹ pín 1,000 tó kù sí 48: kò pé 21. Bí ó bá wà lábẹ́ 30 fún ìgbà pípẹ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn àwọn yàrá kan pa. Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì àgbáyé pè é ní RED-S ní 2014, ìyẹn kí agbára tí oúnjẹ ń fún ara má tó fún ẹni tó ń ṣeré ìdárayá.

Nǹkan oṣù wà lára ohun tó máa ń tètè dá. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ọmọ ò rí i, tàbí tó pé ọdún 15 tí kò tíì rí i rí, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n á yẹ oyún wò, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sí oyún, ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bi í ohun tó ń jẹ. Egungun ń rù lábẹ́lẹ̀ láìsí pé ẹnì kan rí i. Tí ojúgun bá ń dun ọmọ, tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojú kan ṣoṣo tó sì figbe ta, kó má fò mọ́ títí dókítà á fi rí i. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò egungun lè má tètè rí sísán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín.

Tíì tí wọ́n ń mu kí wọ́n lè tẹ́ẹ́rẹ́ ńkọ́? Omi àti ìgbẹ́ ló ń lé jáde. Òṣùwọ̀n á lọ sílẹ̀, ọ̀rá wà níbi tó wà, pajápajá á wá máa mú ọmọ lórí kóòtù. Bẹ́líìtì ìfúnkùn kò sì gba èémí láyè, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ ṣeré.

Kó jẹ ìrẹsì tàbí iṣu pẹ̀lú ẹja ní wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú eré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì tó bá ku bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn eré, kó tó pé wákàtí kan, ẹ̀wà àti dòdò, tàbí ògì àti àkàrà. Kó mu ọsàn lé ẹ̀wà náà kí èròjà irin inú rẹ̀ lè wọ ẹ̀jẹ̀. Tíì á dí i lọ́nà, kó tó mu ún kó jẹ́ kí oúnjẹ lọ sílẹ̀.

Kóòṣì
Ẹ gbé òṣùwọ̀n kúrò ní kóòtù. Omi nìkan lè yí ìwọ̀n ara padà ní kílò kan láàárín ọjọ́ kan, pàápàá tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀. Kò sọ bí ọmọ ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù fún yín.

Ẹfun àti ògiri ló ń sọ ọ́. Kí ọmọ dúró ti ògiri, kó na ọwọ́ kan, ẹ fàlà síbi tó dé. Kó fi ẹfun kun ìka, kó fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ mú èyí tó ga jù, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú bàtà kan náà. Kí ìwé yẹn wà lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Àwọn kóòṣì kan máa ń sọ fún ọmọ tí kò fò dé ojú nẹ́ẹ̀tì pé ó sanra jù. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Mítà 2.24 ni nẹ́ẹ̀tì obìnrin ga, ọ̀pọ̀ ló ń kùnà rẹ̀ torí ìgbésẹ̀. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a: òsì, ọ̀tún, òsì. Ìgbésẹ̀ ọ̀tún yẹn ló gbọ́dọ̀ gùn, kí apá méjèèjì lọ sẹ́yìn pátápátá, kí òsì wá yára tẹ̀ lé e. Bí ìgbésẹ̀ bá kúrú, gbogbo agbára á lọ síwájú, ọmọ á fi àyà kan nẹ́ẹ̀tì. Kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, kí orúnkún tẹ̀.

Mireya Luis, kápútẹ́nì Kúbà, mítà 1.75 péré ni, ó kúrú láàárín àwọn sípáíkà àgbáyé, àwọn tó ń fò gbá bọ́ọ̀lù wọlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń dé mítà 3.39. Itan tó lágbára ló gbé e débẹ̀, irú itan tí wọ́n fi ń yẹ̀yẹ́ àwọn ọmọ wa. Kúbà gba wúrà Òlíńpíìkì ní 1992, 1996 àti 2000 pẹ̀lú irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Regla Torres wà lára wọn, ẹni tí FIVB pè ní agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dáa jù ní ọ̀rúndún ogún. Wúńdíá Regla, ìyẹn Màríà ìyá Jésù, tí wọ́n ń fi irú orúkọ yẹn bọlá fún, Yemọja ni àwọn onísìn Lùkùmí, ẹ̀sìn òrìṣà Yorùbá ní Kúbà, ń rí nínú rẹ̀. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn, inú wọn á dùn sí i.

Tí ẹnikẹ́ni bá pe ọmọ ẹgbẹ́ lórúkọ ara lásìkò ìdánrawò, ẹ dá eré dúró lójú ẹsẹ̀, títí kan èyí tí ẹ̀yin fúnra yín bá fi ṣàwàdà.

Ayàwòrán eré
Ẹ fi tèmi kún un. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ilé ẹ̀kọ́ yàn láti máa ya fọ́tò. Kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ojú, ọwọ́ àti bọ́ọ̀lù ti hàn. Kí kámẹ́rà kankan má wà lẹ́yìn ìlà ìparí nígbà tí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ láti gba sáfù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya èyí tí wọ́n ń gbé káàkiri WhatsApp. Kí ọmọ rí fọ́tò rẹ̀ kó tó jáde. Èyí tó bá ní òun ò fẹ́, ẹ pa á rẹ́ níwájú rẹ̀.