Baálé mi ń retí ìwé ọmọ ìlú Faransé: kí ló yẹ ká máa ṣe kí èsì tó dé?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà ìwé ọmọ ìlú Faransé dáadáa ni mo fẹ́ bi.

Baálé mi ti wà lọ́hùn-ún láti 2017, ó sì níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ó ti béèrè pé kí wọ́n sọ òun di ọmọ ìlú. Récépissé rẹ̀, ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti gba gbogbo ìwé rẹ̀, jáde ní oṣù kẹta 2025, wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní oṣù kọkànlá, láti ìgbà náà ni gbogbo nǹkan ti dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Èmi àti àwọn ìbejì wa wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ọmọ ọdún 6 ni wọ́n. A ti ṣègbéyàwó ní mẹ́rì. Mo tún ti lóyún, ó ti pé oṣù mẹ́rin.

Ṣé lóòótọ́ ni pé bí ọdún kan bá kọjá tí wọn kò fèsì, wọ́n ti gbà nìyẹn? Ṣé àwọn ọmọ yóò bá bàbá wọn di ọmọ ìlú lẹ́ẹ̀kan náà? Ó fẹ́ wá lo oṣù mẹ́ta nílé tí mo bá bímọ, ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́? Lẹ́tà kan nínú orúkọ ìdílé baálé mi náà tún yàtọ̀: bó ṣe wà nínú ìwé ìbí kọ́ ló wà nínú ìwé ìrìnnà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Aláketu

Ẹ kú ìfojúsọ́nà, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ ọdún kan yẹn, ọ̀nà méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra fún yín. Ẹni tó fẹ́ ọmọ Faransé, tó ń tipa ìgbéyàwó béèrè, òun ni òfin fún ìjọba ní ọdún 1 láti kọ̀ fún. Bí ọdún náà bá pé tí wọn kò kọ̀, dandan ni kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ti baálé yín kọ́ nìyẹn. Tirẹ̀, décret ni, ìyẹn àṣẹ tí ìjọba ń fọwọ́ sí, ojúrere ìjọba ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Bí wọ́n dákẹ́ títí di ọdún mẹ́wàá, wọn kò tíì gbà.

Gbèdéke tirẹ̀ jẹ́ oṣù 18, ọjọ́ tó wà lórí récépissé sì ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó fi ìwé ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti lo ọdún 10 ní ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ tí récépissé rẹ̀ jáde, oṣù 12 ni wọ́n fún un. Ọdún 8 péré ni baálé yín ti lò nígbà náà, nítorí náà oṣù kẹsàn-án 2026 ni kí ẹ máa wò. Wọ́n lè fi oṣù 3 lé e, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Kí n má tàn yín, àwọn préfecture (ọ́fíìsì ìjọba ní agbègbè) tí èrò kún fọ́fọ́ máa ń kọjá gbèdéke náà.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kì í ṣe àmì burúkú. Bí préfecture bá tẹ́wọ́ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, dossier, ìyẹn àkójọ ìwé rẹ̀, á lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Rezé, lẹ́bàá Nantes, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò níbẹ̀. Wọ́n lè má fara mọ́ ohun tí préfecture sọ. Tí wọ́n bá gbà, orúkọ rẹ̀ á wọ décret, décret á jáde nínú Journal officiel, ìwé ìkéde ìjọba, wọ́n á sì ṣe ìwé ìbí Faransé fún un ní Nantes. Ayẹyẹ ìkíni-káàbọ̀ á wáyé láàárín oṣù 6, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí décret gan-an ló ti di ọmọ ìlú. Ẹ rántí ọjọ́ yẹn, torí ọ̀rọ̀ oyún yín wà lórí rẹ̀.

Àbúrò Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ṣeun, Ọmọ Aláketu. Ìyá Ìbejì, ohun tí ẹ kò béèrè ni n óò kọ́kọ́ sọ, torí òun ló wúwo jù. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ wà ní Àjàṣẹ́. Abala 21-16 nínú Code civil, ìwé òfin wọn, sọ pé ẹni tí wọn yóò sọ di ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ máa gbé ilẹ̀ Faransé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí décret. Bí wọ́n sì ṣe ń túmọ̀ “gbé” yìí, kì í ṣe yàrá tó ń sùn sí nìkan. Wọ́n ń wo ibi tí owó rẹ̀ ti ń wọlé, wọ́n sì ń wo ibi tí ìdílé rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí. Ọkùnrin tí aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké wà nílé ní Benin, wọ́n lè sọ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé wọlé. Irrecevable, ìyẹn “kò ṣeé gbà”, ni wọ́n máa ń kọ sórí irú dossier bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ó sì máa ń dun àwọn tó ti ṣiṣẹ́ kára, tó san owó orí wọn pé.

Nítorí náà mo bi yín: ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ regroupement familial? Ìwé tí yóò fi pe ẹ̀yin àti àwọn ọmọ wá bá a ni mò ń sọ. Bí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ̀rí pé ó ti bẹ̀rẹ̀ dára ju kí ó kàn fẹnu sọ pé òun máa mú ìdílé òun wá.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Áà. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. A rò pé tí ìwé ọmọ ìlú bá kọ́kọ́ jáde, ti wa á rọrùn. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti gbéyàwó, ó kọ orúkọ àwọn ìbejì pẹ̀lú.

Ọ̀rẹ́ Gbogbo Ayé

Ṣé kò ní rọrùn tó bá ti sọ pé òun kò níyàwó? Ta ni yóò mọ̀?

Àbúrò Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀rẹ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní irú ìmọ̀ràn yìí mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n máa mọ̀. Lẹ́yìn décret, ọkùnrin náà á fẹ́ mú aya wá, á fi ìwé ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí Nantes tàbí kí aya lọ béèrè físà. Ọjọ́ ìgbéyàwó wà lórí ìwé náà, ó ṣáájú décret, àṣírí tú. Abala 27-2 fún ìjọba ní ọdún 2 láti ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé irọ́ ni, láti gba ìwé ọmọ ìlú náà padà. Ẹni tó kọ òtítọ́ bíi baálé Ìyá Ìbejì, ó lè pẹ́ kó tó rí i, ṣùgbọ́n wọn kò ní tìtorí irọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ka iye. Fún regroupement, wọ́n á wo owó oṣù 12 tó ṣáájú ìbéèrè, wọ́n á pín in sí 12. Ìdílé ẹni 4 tàbí 5 gbọ́dọ̀ ní SMIC, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin wọn, pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá lé lórí. Ẹ̀yin 4 lẹ jẹ́ báyìí, ọmọ inú oyún á sọ yín di 5, iye owó yẹn kò yí padà. Ilé ló máa yí padà. Fún ẹni 2, Paris àti agbègbè tí ilé ti wọ́n jù ń béèrè 22 m², àwọn ìlú àárín 24, ìlú kéékèèké 28, ẹ wá fi 10 m² kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Ẹni 4 di 42, 44 tàbí 48. Ẹni 5 di 52, 54 tàbí 58. Bó bá ń wá ilé báyìí, kó kúkú wá ti ẹni 5. Oṣù 6 ni wọ́n ní láti fèsì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ níbẹ̀ sì túmọ̀ sí pé wọ́n kọ̀. Kó rántí fi ẹ̀dà ẹ̀rí ìbéèrè náà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì dossier ọmọ ìlú rẹ̀.

Nípa àwọn ọmọ: ọmọ tí kò tíì pé 18 a máa bá òbí rẹ̀ di ọmọ ìlú, bó bá ń gbé pẹ̀lú òbí náà, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú décret. Àwọn ìbejì tó wà ní Àjàṣẹ́ kò sí lára wọn. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí décret, kó sọ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an, kó fi ìwé ilé ẹ̀kọ́ wọn ránṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n bá gbàgbé nínú décret kì í rọrùn láti fi kún un.

Ti oyún: bí ẹ bá bí i lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí décret, ọmọ Faransé ni láti inú wá, ìbáà jẹ́ Àjàṣẹ́ lẹ bí i sí. Bí ẹ bá bí i ṣáájú, ọ̀rọ̀ òun àti àwọn ìbejì di ọ̀kan náà. Nínú méjèèjì, ìwé ìbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ dossier kíákíá.

Akọ̀wé Mẹ́rì

Ọ̀rọ̀ orúkọ: ó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá ilẹ̀ Benin. Adéṣínà kan náà, ADECHINA nínú ìwé ìbí tí wọ́n fi Faransé kọ, ADESHINA nínú ìwé mìíràn tó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà kọjá. Ìwé ìbí ni wọ́n ń wò ní Nantes láti fi ṣe tuntun, nítorí náà lẹ́tà inú rẹ̀ ni yóò borí. Ẹ wo mẹ́ta pa pọ̀: ìwé àtijọ́ tó wà ní mẹ́rì, èyí tí ANIP, àjọ ìdánimọ̀ ará ìlú ní Benin, tẹ̀ tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NPI, àti ìwé ìrìnnà. Bó bá jẹ́ ìwé ìbí ló ṣì í kọ, ilé ẹjọ́ ló ń tún un ṣe. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ìdájọ́ náà. Bó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà ló ṣì í, kó ṣe tuntun bá ìwé ìbí mu. Ohun tó bà wọ́n nínú jẹ́ jù ni kí orúkọ dédé yí padà láìsí ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ tún bi í: ṣé jugement supplétif, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ fún ẹni tí wọn kò kọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò, ni wọ́n fi ṣe ìwé ìbí rẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Ẹ wo orúkọ àwọn òbí rẹ̀ náà. Bí bàbá bá jẹ́ “ẹni tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1950” nínú ìwé kan, tó ní ọjọ́ àti oṣù nínú òmíràn, wọ́n á béèrè.

Ọmọ Aláketu

Ìrìnàjò oṣù mẹ́ta: òfin kò sọ pé kó má rìn. Ṣùgbọ́n wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ìwé kan, wọ́n á fún un ní ọjọ́ kan pàtó. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, wọ́n á pa dossier dé, á sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Lẹ́tà recommandée, èyí tí ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, ọjọ́ 15 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ń tọ́jú rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án tí ẹ óò bímọ sì ni gbèdéke náà pé. Èmi á ní kó wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú ìwé ìsinmi láti ibi iṣẹ́, kó máa ṣí àkáǹtì rẹ̀ lójoojúmọ́, kó wo àpò ìdọ̀tí ímeèlì rẹ̀, kí ẹnì kan sì máa yẹ àpótí lẹ́tà rẹ̀ wò.

Káàdì ìgbélùú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kú. Láàárín oṣù 4 sí oṣù 2 kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé ni kó béèrè tuntun. Bó bá ṣí ilé tàbí yí iṣẹ́ padà, kó sọ. Owó orí tí kò tíì san, kó san án tán, kó gba ìwé P237, tó ń fi ipò owó orí rẹ̀ hàn, lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ owó orí.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ kú làálàá. Bí wọ́n bá wá kọ̀ ńkọ́?

Àbúrò Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò. Ajournement túmọ̀ sí pé wọ́n sún un síwájú, ọdún 2 ló wọ́pọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ó máa fi dossier tuntun sílẹ̀. Rejet àti irrecevable jẹ́ kíkọ̀. Bó bá jẹ́ préfecture ló ṣe ìpinnu náà, oṣù 2 ló ní láti kọ̀wé sí mínísítà, kó tó lè lọ ilé ẹjọ́. Bí mínísítà bá dákẹ́ fún oṣù 4, ó ti kọ̀. Oṣù 2 mìíràn á wá ṣí sílẹ̀ láti lọ sí tribunal administratif ti Nantes, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ lórí ìpinnu ìjọba, ìlú yòówù kó máa gbé. Kó tọ́jú àpòòwé tí lẹ́tà bá bá wá, torí ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi ń kà.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, Ìyá Ìbejì, ẹ gba ẹ̀dà tuntun ìwé ìgbéyàwó yín àti ìwé ìbí àwọn ìbejì, ẹ yà wọ́n ní àwòrán tó mọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Òun náà kó kó bébà owó oṣù 12 rẹ̀ jọ. Ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ọ̀la òde yìí ni n óò wà ní mẹ́rì.