Ṣé maser ni àmì yìí, àbí háídírójìn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìràwọ̀. Mo rí àmì kan nínú dátà ìwádìí rédíò, ní nǹkan bí 1400 MHz. Ó lè jẹ́ àmì gáàsì háídírójìn láti ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ (galaxy) tó sún mọ́ wa. Ó sì lè jẹ́ maser (ìgbì rédíò tí gáàsì mú lágbára sí i, bíi ti lésà) láti inú OH, ìyẹn ọ́síjìn àti háídírójìn tó so pọ̀: 1667 MHz ni ìgbì rẹ̀, àmọ́ tó bá wá láti ọ̀nà jíjìn réré, ní redshift 0.19 (ìwọ̀n bí ìgbì ṣe nà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa), yóò já sí nǹkan bí 1400 MHz.

Mo ti wo àwòrán infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí) láti ọ̀dọ̀ WISE, ẹ̀rọ awò ìràwọ̀ inú òfurufú. Àwọ̀ rẹ̀ pupa gan-an, bíi ti àwọn ìṣùpọ̀ tó ń kọlu ara wọn, inú mi sì dùn púpọ̀. Mo wá ìlà OH kejì, ti 1665 MHz, tó yẹ kó wà ní 1.6 MHz sísàlẹ̀ àkọ́kọ́, àmọ́ ariwo ti bò ó. Kò tíì sí ẹni tó wọn redshift rẹ̀.

Ṣé àwọ̀ infrared nìkan tó láti pè é ní maser?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣeun ṣáájú.