Pulọ́ọ̀tì nínú ẹ̀sítéètì etí Odò Ògùn ní Ìṣẹrì: kí la máa yẹ̀ wò ká tó sanwó?

Àtẹ́rígbà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì 648 mítà onígun mẹ́rin nínú ẹ̀sítéètì kan létí odò ní Ìṣẹrì. Ètò wà níbẹ̀ lóòótọ́: títì kọnkéré, gọ́tà, odi tí wọ́n mọ sí etí odò, C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọ̀dọ̀ ìjọba) kan tó kó gbogbo ilẹ̀ náà pọ̀. Agẹ́ǹtì ní wọ́n ti da yanrìn kún ilẹ̀, pé omi ò lè débẹ̀ mọ́. Kí ni kí n yẹ̀ wò, ta sì ni kí n gbé dání lọ?

Òpó_Ààlà
Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ náà wà. Orí ààlà ni Ìṣẹrì jókòó sí, apá kan jẹ́ ti Èkó, apá kan jẹ́ ti Ògùn. Ẹni tó gbé ìwé Òkè-Mọ́sàn, ọ́fíìsì ìjọba Ògùn, lọ sí Alausa tó jẹ́ ti Èkó, owó ọkọ̀ ló fi ṣòfò. Ẹ wá sọ́féyọ̀ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, kó gbé kọ́díneètì òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ ṣáàtì, ìyẹn ni kí wọ́n fi wé máàpù ìjọba, ní ọ́fíìsì Surveyor-General. Ibẹ̀ ló ti máa hàn bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà, tàbí ó bọ́ sínú àlàfo tí wọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún odò. Àwọn pulọ́ọ̀tì tó kángun sómi lọ̀rọ̀ yìí máa ń bá jù, àwọn náà sì lowó wọn máa ń wọ́n jù.

Kí sọ́féyọ̀ yẹn tún gbé ẹ̀rọ lẹ́fẹ̀lì wá. Láti benchmark (òpó tí wọ́n ti mọ gíga rẹ̀) kan náà ni kó ti wọn ojú ilẹ̀ yín, orí odi, àti ibi tí omi ga dé rí. Ti omi yẹn, ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu agẹ́ǹtì. Ẹ wo fẹ́ǹsì tí wọn ò tíì tún kùn ládùúgbò, títí dé apá ọjà màlúù Kara. Omi tó dúró máa ń fi ìlà dúdú sílẹ̀ tó tẹ́jú bí ẹni fi okùn fà á, tó sì dọ́gba láti ògiri kan dé èkejì. Èyí tó bá rí wọ́gọwọ̀gọ nísàlẹ̀, ọ̀rinrin tó ń ti ìpìlẹ̀ gòkè ni. Ẹ má fi fóònù wọn gíga ilẹ̀ o. Ó lè fi mítà mélòó kan ṣì í, bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń wá lè má ju 50 sẹ̀ntímítà lọ.

Ẹnjiníà_Ọ̀gbàrá
Ọ̀gá Òpó ti sọ̀rọ̀. Màá fi kún un pé ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà sí Òkítóbà ni kí ẹ lọ wo ilẹ̀ náà. Ẹni tó lọ ní Jánúárì, ilẹ̀ gbígbẹ ló rí. Dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n parí ní 1983 ń gba nǹkan bíi 270 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì omi. Bí òjò bá ń kún un, àjọ Ogun-Oshun River Basin ní láti máa ṣí géètì, omi náà á sì bá Odò Ògùn wá sí Ìṣẹrì. Bó bá wá pàdé ìgbà tí ìgbì òkun gbé ọ̀sà Èkó sókè, odò ò ríbi tú sí. Ó lè wà lókè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìjẹ́ pé òjò rọ̀ lórí ẹ̀sítéètì rárá.

Ní ti odi: bó ṣe ń lé odò síta náà ló ń há òjò mọ́lé. Àwo ni wọ́n sọ ẹ̀sítéètì dà. Òjò 50 mm lórí hẹ́kítà kan jẹ́ 500 mítà kúbíìkì. Pọ́ǹpù íǹṣì mẹ́ta tó ń fa 60 ní wákàtí kan á fi ju wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́ lórí hẹ́kítà kan péré. Ẹ bi wọ́n: adágún tí òjò máa dúró sí dà? Pọ́ǹpù mélòó ló wà, ta ló sì ń ra dísù sí i?

Ẹ dé ibi tí gọ́tà ti ń tú sódò. Ó yẹ kí ìlẹ̀kùn irin tàbí rọ́bà wà lẹ́nu páìpù, tó ń ṣí síta nìkan. Ẹ fọwọ́ gbé e wò. Bí ìpẹtà bá ti dì í, tàbí ọ̀rá pure water há a lẹ́nu tí kò lè pa dé, odò á gba inú gọ́tà wọlé, á yọ láàárín títì, odi á máa wòran.

Yanrìn ńkọ́? Láti gbé pulọ́ọ̀tì yẹn ga ní mítà kan, 648 mítà kúbíìkì ló gbà lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún un torí pé yanrìn inú típà kò tíì dì, ó di 810. Típà tó ń gbé 12 á wá ní nǹkan bí ìgbà 68. Ẹni tó ní típà ogún ti tó, ẹ rọra sá fún un. Kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ ní 300 mm, 300 mm ni, kì í ṣe kí wọ́n dà á jọ kí kátápílà gorí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Amọ̀ àbàtà tó wà lábẹ́ á ṣì máa rì fún ọdún bíi mélòó kan, nítorí náà ẹ béèrè èsì sọ́ìlì tẹ́sìtì. Bí ìdajì ilé bá wà lórí yanrìn tuntun, tí ìdajì wà lórí ilẹ̀ líle, igun fèrèsé lògiri á ti kọ́kọ́ sán, á sì sán ní ìdàgẹ̀rẹ̀.

Àtẹ́rígbà
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣọ́kàwéè ńkọ́, ẹ̀yin ọ̀gá?

Páìpù_Títọ́
Ẹ má gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò mítà kan àtààbọ̀ ní Òkítóbà, ẹ bò ó, ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì. Bí omi bá ti sun kún un dé ìdajì, inú ṣọ́kàwéè ni omi ilẹ̀ á máa wọ̀, kò ní jáde.

Táǹkì tí kò jò lẹ máa lò, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ó lè léfòó. Táǹkì mítà 3 sí 2, jíjìn 2, ń gba àyè omi ilẹ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 12. Èyí tí wọ́n fi kọnkéré 150 mm ṣe, tọ́ọ̀nù 10 péré ló wọ̀n lófìfo. Ọjọ́ tí ọkọ̀ agbégbọ̀nsẹ̀ bá fà á gbẹ nígbà òjò, táǹkì á gbéra, á já páìpù. Ẹ jẹ́ kí kọnkéré ìsàlẹ̀ ẹ̀ yọ jáde ju ògiri lọ ní 300 mm yíká, kí erùpẹ̀ jókòó lé e, ẹ má sì fà á tán pátápátá ní Òkítóbà. Ní ti bọ́ọ̀hòlù, 30 mítà ló yẹ kó fi jìnnà sí ẹ̀gbin. Lórí ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 18, pẹ̀lú ṣọ́kàwéè aládùúgbò, ẹ fúnra yín ṣírò ó. Bí ẹ̀sítéètì bá ní ẹ̀rọ kan tó ń tún ẹ̀gbin gbogbo ilé ṣe, ìyẹn níye lórí ju géètì ẹnu ọ̀nà wọn lọ.

Òǹtẹ̀
C of O kan yẹn, orúkọ ilé-iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Tiyín ni Deed of Assignment (ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fi gbé ilẹ̀ fún yín), lẹ́yìn náà ìyọ̀ǹda gómìnà, gẹ́gẹ́ bí Land Use Act 1978 ṣe sọ ní abala 22. Ẹ ṣírò owó ìyẹn mọ́ owó ilẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n fún yín ní layout (àwòrán bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀) tí ìjọba tẹ òǹtẹ̀ lù, kì í ṣe àwòrán mèremère inú fọ́láyà. Ẹ mú un dání, ẹ rìn yí ẹ̀sítéètì ká. Ẹ wá adágún tí Ẹnjiníà sọ lórí ìwé, kí ẹ wá lọ dúró síbẹ̀ gan-an. Bó bá jẹ́ pé fẹ́ǹsì ẹnìkan lẹ bá níbẹ̀, ẹ má ì sanwó.