Ìmọ̀ràn: oògùn koríko wo ni mo lè fín sáàárín ọmọ kọfí?

Ọmọ Olóko: Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Kọfí mi ti lo oṣù 8 lóko. Ẹ̀kan àti gọ̀dọ̀gbodò ti fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, mi ò sì rí alágbàro. Wọ́n ní kí n ra glyphosate. Ṣé kò ní pa kọfí náà?

Bàbá Aládàá: Á bà á jẹ́ tó bá kàn án. Glyphosate kò mọ koríko yàtọ̀ sí irúgbìn. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló gbé e kan tèmi lọ́jọ́ kan. Ewé tuntun tó yọ lẹ́yìn ìyẹn rí tín-ín-rín bí ewé koríko, ó pọ́n, igi náà kò sì ga sí i fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe ewé nìkan o, ara igi tó ṣì tutù náà ń fa oògùn mu. Torí náà, ọwọ́ ni kí ẹ fi tu ìdí kọfí, bí ìdajì mítà yíká. Àárín ìlà nìkan ni kí ẹ fín. Ẹ fi ìbòrí sí ẹnu páǹpù, ẹ tẹ̀ ẹ́ sún mọ́ ilẹ̀, láàárọ̀ tí ewé kankan ò mì.

Ìyá Kọfí: Bàbá ti sọ ọ́ dáadáa. Ní ti ẹ̀kan, fluazifop tàbí haloxyfop ni èmi fara mọ́: ìdílé ẹ̀kan àti àgbàdo ni wọ́n ń pa, wọn kì í ṣe kọfí ní nǹkan. Ẹ fín in nígbà tí ẹ̀kan bá ń rú lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì múra àtitún un fín, torí gbòǹgbò abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ á tún hù. Gọ̀dọ̀gbodò ló le jù. Glyphosate gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ẹ fà á tu, ẹ kó o jáde lóko. Oríkèé kan tó bá kan ilẹ̀ tutù á ta gbòǹgbò. Ẹ ka ara ike oògùn náà: bí wọn ò bá dárúkọ kọfí síbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Àdùkẹ́ Oko: Ẹ má fi omi tó rú po glyphosate o. Erùpẹ̀ inú omi ló máa gbá oògùn náà mú, agbára rẹ̀ á sì lọ. Paraquat, oògùn koríko mìíràn, sì rèé, ẹ má sún mọ́ ọn rárá. Ẹ̀kún ẹnu kan péré lè pa èèyàn, kò ní ẹ̀rọ̀. Ilẹ̀ Yúróòpù ti lé e kúrò láti 2007.

Ọmọ Olóko: Omi odò rírú gan-an ni mo pọn sílẹ̀ láti àná! Màá dà á nù. Ṣé mo lè fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀ dípò ọwọ́?

Bàbá Aládàá: Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Gbòǹgbò tó ń wá oúnjẹ fún kọfí kò jìn sílẹ̀, ọkọ́ á gé e. Tẹ́ ẹ bá tu ú tán, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi.