Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn ọpọlọ dé

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo béèrè bí ẹbí ṣe lè ran ìyá tí orí ọmọ rẹ̀ dàrú lójijì lọ́wọ́, nígbà tí ọmọ bá ti padà sílé. Àbọ̀ rèé, mo sì ń pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Oorun ìyá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ pín òru: ẹnì kan láti aago 9 sí 2, ẹlòmíràn títí di 7. Ẹni tó jìnnà lè san owó ọkọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò.

Oògùn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí wọ́n bá fún ọmọ ní haloperidol, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú orí tó dàrú, ọrùn lè wọ́, ojú lè yí sókè, pàápàá láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Oògùn ló fà á, kì í ṣe àsàsí. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ wà tó ń tú u. Bí ọ̀fun bá ń fún un, ẹ sáré. Ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró: ìgbà tí ara bá balẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń dá a dúró, tí àìsàn fi ń padà.

Kí ìyá máa kọ wákàtí oògùn àti oorun ọmọ sílẹ̀ fún dókítà. Ẹ ti oògùn àti oró apakòkòrò mọ́ àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ bi í tààrà bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e padà sílé ìwòsàn.

Ẹ̀gbọ́n tó dábàá pé ká fi ṣẹkẹṣẹkẹ de ọmọ: rárá o, sà.