Ọ̀gá mi ní kí n di agbaṣẹ́ṣe, ṣé kí n gbà?
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀gá mi ní kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí n wá máa ṣe iṣẹ́ kan náà fún òun bí agbaṣẹ́ṣe. Owó á lé díẹ̀, àmọ́ èmi ni n ó máa san owó orí fúnra mi, mi ò ní gbowó nígbà ìsinmi, bí mo bá sì ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́, èmi ni n ó tọ́jú ara mi. Síbẹ̀, òun ni yóò ṣì máa pàṣẹ ìgbà tí n ó dé, mi ò sì gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́! Láti mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ ni èèyàn àbí agbaṣẹ́ṣe, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ gan-an ni ilé ẹjọ́ sábà máa ń wò, kì í ṣe orúkọ inú ìwé. Ẹ̀yin tó ti ṣe é rí, kí lẹ ní kí wọ́n kọ sínú àdéhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i?