Mo fẹ́ràn ìwé tó kún fún idán àti ànjọ̀nnú: èwo ni kí n kà tẹ̀ lé e?

Òǹkàwé Mọ̀ọ̀rè, Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Láìpẹ́ yìí ni mo ka Children of Blood and Bone, ìwé tí Tomi Adeyemi gbé jáde ní ọdún 2018, ó sì wọ̀ mí lára gan-an. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé Zélie, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, kò bá idán nílẹ̀. Ọba Saran ti pa àwọn tó mọ̀ ọ́n lò, ìyá rẹ̀ sì wà lára wọn, nítorí náà ó ní láti rin ìrìn àjò tó léwu kí agbára náà tó lè padà wá. Inú mi tún dùn láti rí Ọya àti Yemọja nínú ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ òkèèrè ń kà.

Àmọ́ ní báyìí, ìwé tí àwọn ànjọ̀nnú fúnra wọn ti ní ìrísí, ohùn àti ìwà ni ọkàn mi ń fẹ́, pàápàá ní èdè wa. Àbúrò mi ọmọ ọdún 14 fẹ́ bá mi kà á, ṣùgbọ́n ìyá wa ń kọminú sí ìwé tó bá ti dárúkọ ẹ̀mí òkùnkùn. Kí ni kí a ṣe?

Ọmọ Ọbòkun, Iléṣà:

Àbúrò mi, o kú ìwé kíkà. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, ni ìwé tí ò ń wá. Fara balẹ̀ ka ibi tí Akàrà-ògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé lórí, ti pàdé ẹbọra tó ń jẹ́ Àgbákò. Fágúnwà kò kàn sọ fún wa pé ẹbọra náà burú; ó dé e ní fìlà irin, ó wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù idẹ àti ṣòkòtò awọ, ó sì to ojú 16 yí orí rẹ̀ ká, tó fi jẹ́ pé a ti rí i tán kí ẹ̀rù tó dé. Oògùn àti ọfọ̀ wà lọ́wọ́ ọdẹ náà, síbẹ̀ ìgbà mìíràn wà tí gbogbo rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́, àfi àánú Ọlọ́run. Bí idán bá lè yanjú gbogbo ìṣòro inú ìwé, kí ni n ó tún máa ṣí ojú ìwé tó kàn fún?

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè, Ilé-Ifẹ̀:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa sọ, àmọ́ Igbó Olódùmarè, tó jáde ní ọdún 1949, ni èmi yóò fi bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ ọdún 14. Ìtàn Olówó-ayé, bàbá Akàrà-ògùn, ni. Nígbà tí òun àti Ànjọ̀nnú-ìbẹ̀rù, oníbodè igbó náà, kojú ara wọn, kálukú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu, èkíní ń sọ ohun tí òun jẹ́, èkejì ń fi tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ má fi ojú nìkan ka ibẹ̀. Kí ọ̀kan nínú yín ṣe ọdẹ, kí èkejì ṣe ànjọ̀nnú, kí ẹ sì kà á sókè. Bí ẹ bá kan ọ̀rọ̀ tó le, ẹ fa ìlà sí i nídìí, kí ẹ máa bá ìtàn lọ. Ìwàásù pọ̀ nínú ìwé Fágúnwà. Ibi tó bá gùn jù, ẹ lè fi í sílẹ̀ di ìgbà kejì.

Ìyá Olùkọ́, Ilé-Ifẹ̀:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ọ̀rọ̀ ìyá yín ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé olùkọ́ àti onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, àti pé ilé ìtẹ̀wé CMS, ẹgbẹ́ ajíyìnrere ìjọ Áńgílíkà, ló kọ́kọ́ tẹ Ògbójú Ọdẹ. Kí ẹ wá rán wọn létí ìtàn tí a fi tọ́ wa ní Ifẹ̀ yìí. Àwọn ará Igbò ayé àtijọ́, tí wọn kì í ṣe ẹ̀yà Ìgbò òde òní, a máa fi ìko bo ara wọn wá kó ìlú lẹ́rù, àwọn ènìyàn a sì rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Mọ́remí jẹ́ ẹ̀jẹ́ lẹ́bàá odò Ẹsìnmìnrìn, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó sì rí i níbẹ̀ pé ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n, pé iná lè jó aṣọ ìko náà. Ifẹ̀ bọ́, ṣùgbọ́n Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni odò gbà. À ń ṣe ọdún Edì nítorí Mọ́remí títí dòní, àwọn ọmọdé sì ń gbọ́ ìtàn rẹ̀ láìsí ìpalára. Ọmọ tó bá ti béèrè bóyá ó yẹ kí Mọ́remí san irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tó yẹ kí ó bi idán inú ìwé èyíkéyìí. Nínú ìwé Adeyemi náà, idán tí ènìyàn bá fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣe lè gba ẹ̀mí ẹni náà. Ẹ pe ìyá yín jókòó nígbà tí ẹ bá ń ka ìwé Fágúnwà.

Òǹkàwé Mọ̀ọ̀rè:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mà. Ìyá wa ti gbà láti jókòó, àbúrò mi sì ti ní òun ni yóò ṣe Ànjọ̀nnú-ìbẹ̀rù. Ṣé a lè ka Igbó Olódùmarè láìtíì ka Ògbójú Ọdẹ?

Ọmọ Ọbòkun:

Ẹ lè kà á. Lóòótọ́ ni ìwé náà jáde lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìtàn bàbá ti ṣẹlẹ̀ kí ti ọmọ tó bẹ̀rẹ̀.